Yàrá Ìkíni ní Ọ̀run Àpáàdì

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà tí mo rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, irun orí mi ti funfun, ṣùgbọ́n ìran náà kò tíì ṣá lójú mi. Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo ti jẹ́rìí díẹ̀ nínú rẹ̀ fún yín rí, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ipò lẹ́nu iṣẹ́ bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má ṣe fò ó.

Ní ọdún náà ni wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú wa. Ilé ìwé náà gan-an ni mo ti kàwé ní kékeré. Inú ìdílé mi dùn, èmi náà sì rò pé iṣẹ́ tí mo ti mọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ ọmọ kọ́, ṣé kò ní mọ olùkọ́ darí ni? N kò mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí o bá ń kọ́ ọmọ, ọwọ́ rẹ ni iṣẹ́ wà. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe olórí, ọwọ́ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ rẹ máa ń wà, ẹnu rẹ ló sì kù tí wàá fi ṣe é.

Kíláàsì kẹta wà lọ́wọ́ Bàbá Ládiípọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn ni wọ́n di ọwọ́ mi mú lórí síléètì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo fi mọ a yàtọ̀ sí e. Ó ku díẹ̀ kí àwọn náà fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n á fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, wọ́n á ní, "Dìde, ọ̀gá mi kékeré." Gbogbo àwọn olùkọ́ á sì rẹ́rìn-ín.

Ní sáà kejì, mo wọ kíláàsì wọn, mo ní kí àwọn ọmọ kàwé fún mi. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ka ojú ewé kan geerege. Mo yìn ín. Mo wá ṣí ojú ewé mìíràn fún un. Ọ̀rọ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ náà ló tún kà, láìṣẹ́ ẹyọ kan kù. Mo pe ẹlòmíràn, bákan náà ni. Orí ni gbogbo wọn ti há a sí, wọn kò mọ lẹ́tà. Ó ti rẹ Bàbá. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó láàárọ̀, wọ́n á jókòó, àwọn ọmọ á máa kígbe rẹ̀ títí ilé ìwé á fi jáde.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti orí àga wọn. "Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Mo sì jáde.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta lórin lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde. Kì í ṣe orin rárá, ìwé ni mò ń kọ́ wọn. Bàbá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fẹ́ràn orin. Àwọn olùkọ́ tó kù á dúró dè mí lẹ́nu ọ́fíìsì títí, wọ́n á máa lọ sílé. Nígbà tí mo bá fi máa délé, ó ti rẹ̀ mí débi pé oúnjẹ ò ní wọnú mi mọ́.

Ìyàwó mi wò mí ní ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ wá dà bí ẹni tó ra ẹṣin, tó tún ru ẹṣin náà sórí."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀."

"Kí n wí pé kí ni? Ẹni tó kọ́ mi ní ìwé ni mo máa lọ bá pé kò mọ ìwé kọ́?"

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa kọrin yín lọ."

Lẹ́yìn èyí ni a gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá yẹ gbogbo kíláàsì wò. Bí wọ́n bá bá kíláàsì kẹta bẹ́ẹ̀, wọ́n á lé Bàbá Ládiípọ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìtìjú nígbà tí iṣẹ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí wọn kò bá sì rí i, àwọn ọmọ náà á gòkè sí kíláàsì kẹrin láìmọ̀wé kà. Ọ̀nà méjèèjì ló há mọ́ mi. Ẹ̀rù Bàbá ń bà mí, àánú wọn ń ṣe mí, àánú àwọn ọmọ náà tún ń ṣe mí.

Mo gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí àwa díẹ̀ gbàdúrà tán nínú ilé ìsìn, àwọn yòókù lọ sílé, èmi jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mò ń sọ pé, "Olúwa, ṣí ọ̀nà fún mi, má jẹ́ kí n rí bàbá yìí fín." Lẹ́nu àdúrà yẹn ni oorun gbé mi lọ.

Mo rí i pé mo dúró lójú ọ̀nà eléruku kan. Ẹnì kan dúró tì mí. Aṣọ funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, eruku kò sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Máa bọ̀."

Mo ní, "Níbo, sà?"

Ó ní, "O bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣí ọ̀nà fún ọ. Wá wo àwọn tí ọ̀nà dí mọ́."

A kọ́kọ́ kọjá lára àwọn òpùrọ́. Wọ́n ń gbé omi sẹ́nu, omi náà sì ń di iyanrìn kó tó dé ọ̀fun wọn. A kọjá lára àwọn alágbèrè, lọ́kùnrin lóbìnrin. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn, àwọn tó wà nínú ilé kò sì mọ ohùn wọn mọ́. A kọjá lára àwọn aninilára, tí wọ́n nà sílẹ̀ gbalaja, tí òkúta tí wọ́n gbé lé ẹlòmíràn láyà wá jókòó lórí àyà tiwọn. Mò ń sọ nínú ọkàn mi pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, n kò sí nínú ẹgbẹ́ àwọn wọ̀nyí.

Ẹni aláṣọ funfun náà wò mí. Ó ní, "A kò tíì dé àdúgbò tìrẹ."

Ó mú mi gba ẹnu ọ̀nà kan tó há wọlé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ògiri ni mo rí níbi tí a gbà wọlé.

Mo bi í pé, "Àwọn wo ló wà níbí?"

Ó ní, "Àwọn tí a fi ṣe olórí lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n jẹ oyè náà tí wọn kò ṣe é."

Fọ́mààn àwọn bíríkìlà kan wà nínú kòtò jíjìn. Ó ń pariwo, "Òmùgọ̀, ọ̀lẹ, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?" Ohùn rẹ̀ ń kọlu ara kòtò, ó sì ń padà wó lù ú lórí bí àlàpà. Á di etí méjèèjì, á sunkún, á sì tún pariwo, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Amọ̀nà mi ní, "Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí i pé ògiri ilé náà ti ń yẹ̀. Ta ló máa sọ fún un? Ilé náà wó pa ènìyàn."

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, mo rí obìnrin kan tó ti jẹ́ olórí àwọn alásè ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìkòkò wà lórí rẹ̀, ìkòkò wà lábíyá rẹ̀ méjèèjì, ó tún fi eyín di okùn garawa omi mú. Ọrùn rẹ̀ ti wọ̀. Àwọn ọmọbìnrin kan ń tẹ̀ lé e, ọwọ́ wọn ṣófo, ó sì ti rọ bí ewé tí oòrùn pa.

Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, "Mà, ẹ jẹ́ ká gbà yín."

Ó ń fi imú dáhùn pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa bà á jẹ́."

Amọ̀nà mi ní, "Kò fi ìgbà kan jẹ́ kí ọwọ́ wọn kọ́ṣẹ́. Ó rò pé òun ń ṣàánú wọn ni."

Mo rántí ẹ̀kọ́ orin mi. N kò lè gbójú sókè.

A wá dé yàrá kan. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, àga tìmùtìmù wà níbẹ̀, kò sí iná, kò sí ìdin. Mo tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Àwọn ènìyàn tó wọṣọ dáadáa ń kí ara wọn. "Ẹ kú ilé o." "Ẹ káàbọ̀, sà." "Ara ò le bí?" "A dúpẹ́. Ìyàwó ńkọ́?" "Wọ́n wà. Àwọn ọmọ ńkọ́?" "Ẹ kú ìdúró." "Ẹ kú ìjókòó." Wọn kò dákẹ́ rárá.

Láàárín wọn ni mo ti rí ẹnì kan tí mo mọ̀, Ọ̀gá Akínṣọlá, tó ti darí ilé ìwé kan ní ìletò tó wà nítòsí wa. Mo lọ síbi ìsìnkú wọn. Níbẹ̀, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé wọn kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí láyé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá Akínṣọlá di ọwọ́ mi mú, wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omijé ń dà lójú wọn lórí ẹ̀rín náà.

Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà?"

Wọ́n fún ọwọ́ mi pọ̀ bí ẹni tó ń rì sómi. Wọ́n la ẹnu, iṣan ọrùn wọn yọ, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn wọn. Ohun tó jáde ni, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Mo yíjú sí amọ̀nà mi. "Kí ni wọ́n fẹ́ sọ, sà?"

Ó ní, "Olùkọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń lu ọmọ ní ìlùkulù. Ó mọ̀. Láràárọ̀ ló ń kí olùkọ́ náà tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Etí ọmọ kan di. Gbólóhùn kan ló yẹ kó sọ nígbà náà. Ó ti ń wá a sẹ́nu láti ọjọ́ tó ti dé ibí."

Mo ní, "Ṣé ìkíni ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ìkíni dára. Ohun tí wọ́n fi í bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jìyà rẹ̀."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kí a máa lọ. Mo yíjú, n kò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Ẹ̀yìn fèrèsé kékeré kan ni mo ti rí i, òun wà níta, èmi wà nínú. Mo wá ilẹ̀kùn, n kò rí ilẹ̀kùn, mo fọwọ́ tọ́ ògiri láti igun dé igun, ó jọ̀lọ̀ bí inú àwo, mo fẹ́ pè é pé ẹ gbà mí, mo la ẹnu, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ẹ kú ìrìn o." Àwọn tó wà nínú yàrá dáhùn pé, "Ẹ kú ilé." Ògiri sún mọ́ wa díẹ̀. Mo tún la ẹnu, mo ní, "Ẹ kú ooru," ó tún sún, orúnkún mi kan ti ẹni tó wà níwájú mi, òógùn rẹ̀ ń kán sí mi lápá, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń bi mí léèrè àwọn ọmọ mi, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ọkàn mi ń ké, ẹnu mi ń dáhùn pé wọ́n wà, a dúpẹ́.

Amọ̀nà mi sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Wo ọ̀dọ̀ mi níbí."

Mo na ọrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí pápá tútù kan, atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá kan jókòó sórí ẹní níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Màmá Ẹ̀bùn ni, tí wọ́n ti jẹ́ olórí àwọn agbálẹ̀ ní ọsibítù ìlú wa kí wọ́n tó kú. Àwọn ènìyàn a máa ní ẹnu wọn mú. Bí wọ́n bá rí i tí o gbálẹ̀ tí o fi igun sílẹ̀, wọ́n á pè ọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n á sọ ọ́ fún ọ, wọ́n á mú ìgbálẹ̀, wọ́n á fi hàn ọ́, wọ́n á sì dá ìgbálẹ̀ padà fún ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ó jọ jẹun. Ní pápá tútù náà ni mo ti rí i tí àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ń wá sọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, inú bí mi sí yín nígbà yẹn. Ẹ ṣeun." Ìyá náà ní, "Mo mọ̀ pé inú bí ọ. O tiẹ̀ yọ ẹnu síta bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Amọ̀nà mi ní, "Ó fẹ́ràn wọn ju orúkọ rere lọ. Ó sinmi báyìí."

Ó ní, "Wo apá kejì."

Mo rí oríta kan. Pátákó ìtọ́nà ńlá kan dúró níbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà wà lára rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan pé jọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló wí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà nínú wọn. Nígbà tí mo wo ojú wọn dáadáa, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ni. Ọmọbìnrin tó kàwé fún mi wà níbẹ̀, ó ti di ìyá, ó pọn ọmọ. Ó tẹjú mọ́ pátákó náà, ó sì ń ka ojú ewé kan náà tó há sórí, geerege, láìṣẹ́ ẹyọ kan kù. Lẹ́yìn náà, ó yà sí ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà.

Mo fẹ́ pè é. Ẹnu mi ní, "Ẹ kú ọmọ lẹ́yìn o."

Ògiri tún sún. Ìgbà yìí ni mo rí àwòrán ẹnì kan tó dúró níwájú mi gan-an, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi, Bàbá Ládiípọ̀ ni, pẹ̀lú fìlà wọn, pẹ̀lú ẹfun pátákó lápá aṣọ wọn.

Amọ̀nà mi ní, "Ẹnu rẹ ni ilẹ̀kùn yàrá yìí. Sọ ọ́ fún un."

Mo gbìyànjú. Ẹ̀yin ará, mo gbìyànjú, mo fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú, mo fi gbogbo agbára tì í, ọ̀rọ̀ náà gun ọ̀fun mi bí eegun ẹja, mo ní, "Bàbá, àwọn ọmọ," ahọ́n mi yí, mo ní, "àwọn ọmọ ńkọ́, sà? Ṣé wọ́n wà? Ẹ kú iṣẹ́, sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́," ògiri kàn mí láyà, ó kàn mí lẹ́yìn, n kò lè mí mọ́.

Ọwọ́ ẹnì kan gbọ̀n mí léjìká. Ìyá tó ń tọ́jú ilé ìsìn ni, wọ́n tẹ̀ba lé mi lórí.

"Bàbá Tóyìn, ta lẹ̀ ń kí láti ẹ̀ẹ̀kan? Ẹ ti kí gbogbo ìlú tán."

Aṣọ mi tutù rìnrìn. Oòrùn ṣì wà lókè, ilẹ̀kùn ilé ìsìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo sì jókòó níbẹ̀, mò ń wo ilẹ̀kùn náà.

Ní ọjọ́ Ajé, kí agogo tó lù, mo lọ bá Bàbá Ládiípọ̀ ní kíláàsì wọn. Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Mo dìde.

Mo ní, "Bàbá, àwọn ọmọ yín kò mọ ìwé kà. Orí ni wọ́n há a sí. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ orin tí mò ń ṣe kì í ṣe orin, sà. Ìwé ni mò ń kọ́ wọn. Kò yẹ kí n ṣe é lẹ́yìn yín."

Ojú Bàbá yí padà. N kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ló kọ́ ọ ní a, b, d?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi náà lo wá ń sọ fún pé n kò mọ ìwé kọ́?"

Mo ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n kọ́, sà. Èmi gan-an ni ẹ̀rí. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ kò kọ́."

Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé orí tábìlì.

"Ta ló tún gbọ́?"

"Kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún nílé ìwé yìí, sà."

"Ó ń rẹ̀ mí, ọmọ yìí. Bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, n kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́."

Pé ó tó bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ̀, nítorí n kò bi wọ́n rí. A jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, a sì jọ sọ ọ́. Bàbá ní àwọn á máa kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà láàárọ̀ nígbà tí ara àwọn bá ṣì le, kí a wá ẹlòmíràn fún ìṣirò ọ̀sán. Èmi ní n ó máa wọlé wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n ó sì máa sọ ohun tí mo bá rí fún wọn, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Mo pa ẹ̀kọ́ orin tì.

Ẹ má rò pé ohun gbogbo dùn lójú ẹsẹ̀. Bàbá kò bá mi ṣeré fún ìgbà pípẹ́. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì kọjá. Ó dùn mí púpọ̀, mo sì fara dà á. Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò dé, àwọn ọmọ náà kò kà á geerege mọ́. Wọ́n ń kọsẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ́ lẹ́tà, wọ́n ń padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á. Bàbá Ládiípọ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ètè wọn ń mì bí ti ẹni tó ń gbàdúrà. Iyì ni wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ìkìlọ̀ mi rèé, ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ṣe olórí, ì báà jẹ́ ẹni méjì péré ló wà lábẹ́ yín. Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ènìyàn, ẹ má sì ṣe gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe fún un kí ó má baà bínú sí yín. Ẹ má tún ṣe pe ìbẹ̀rù ní ọ̀wọ̀, nítorí mo ti rí yàrá àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì gba mímí. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n lára ìran yìí nígbà tí ahọ́n yín ṣì lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bí ẹnì kan bá wà tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣìṣe, tí ẹ kò tíì sọ fún un, ẹ lọ bá a lónìí. Ẹ kí i dáadáa bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́.